Bí Kò Bá Sí Ẹni Tí Ó Borí, Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Yan Olórí?

ÌBÉÈRÈ: “Bí ìdìbò bá parí tí kò sí olùdíje kan tí ó ní ìwọ̀n ìbò tí òfin béèrè, àwọn aṣòfin ni ó yẹ kí ó yan ẹni tí yóò wọlé.” Kọ àròkọ láti fi èrò rẹ hàn lórí ọ̀rọ̀ yìí.

ÌLAPA ÈRÒ
(i) Ìfáàrà: bí ìbò ṣe ń fọ́n ká
(ii) Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1979
(iii) Àwíjàre àwọn tí ó fara mọ́ ìbò àwọn aṣòfin
(iv) Ìdí tí n kò fi fara mọ́ ọn
(v) Àtúnṣe tí ó kù
(vi) Ìkádìí

ÀRÒKỌ

Bí ènìyàn méjì bá sáré ìje, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé òpin ni a ó gbé ife fún. Ọ̀rọ̀ ìdìbò kì í rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Bí olùdíje bá pọ̀, ìbò lè fọ́n ká débi pé ẹni tí ó ṣíwájú gan-an kò ní ju ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ìbò lọ. Ìdá méjì tí ó kù kò yàn án. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó ṣe òfin orílẹ̀-èdè wa fi sọ pé kí ènìyàn ṣíwájú nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ ní ìwọ̀n ìbò kan káàkiri ilẹ̀ yìí. Bí kò bá wá sí ẹni tí ó ní ìwọ̀n yìí ńkọ́? Ta ni yóò parí ọ̀rọ̀? Ṣé àwọn aṣòfin ni, tàbí àwọn ará ìlú tí ó kọ́kọ́ dìbò? Ní tèmi, àwọn ará ìlú ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé ìdí rẹ̀ fún yín, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ìbáà ṣe Jobele ni ẹ wà, tàbí Fìdítì, tàbí Ìlọrá, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kàn yín ju bí ẹ ti rò lọ.

Kò sí àpẹẹrẹ tí ó yé ènìyàn ju ti ọdún 1979 lọ. Ní ọdún náà, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlá tí àwọn sójà ti wà lórí oyè, ìjọba Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ṣètò láti gbé àkóso fún àwọn alágbádá. Ọjọ́ Sátidé márùn-ún ni a fi dìbò. A yan àwọn Aṣòfin Àgbà ní ọjọ́ 7 oṣù Keje, àwọn Aṣojú-ṣòfin ní ọjọ́ 14, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ní ọjọ́ 21, àwọn gómìnà ní ọjọ́ 28. Ìbò Ààrẹ ni ó gbẹ̀yìn ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ. Olùdíje márùn-ún ni ó du ipò Ààrẹ: Alhaji Shehu Shagari ti ẹgbẹ́ NPN, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti UPN, Dókítà Nnamdi Azikiwe ti NPP, Mallam Aminu Kano ti PRP, àti Alhaji Waziri Ibrahim ti GNPP.

Ohun méjì ni òfin ìdìbò ìgbà náà béèrè lọ́wọ́ ẹni tí yóò di Ààrẹ. Èkíní, ìbò rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀ ju ti olùdíje mìíràn lọ. Èkejì, ó gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò tí a dì ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tí ó ní méjèèjì, FEDECO, èyí tí í ṣe àjọ elétò ìdìbò ìgbà náà, yóò ṣètò ìbò mìíràn láàrin ọjọ́ méje. Kì í ṣe ará ìlú ni yóò di ìbò yìí. Àwọn aṣòfin Ilé méjèèjì ti ìjọba àpapọ̀ àti àwọn aṣòfin gbogbo ìpínlẹ̀ mọ́kẹ̀ẹ̀kàndínlógún ni yóò dì í, láàrin ẹni tí ó ṣíwájú àti ẹnì kan péré nínú àwọn tí ó kù.

Nígbà tí a ka ìbò tán, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 16,846,633. Alhaji Shagari ní 5,688,857. Olóyè Awólọ́wọ̀ ní 4,916,651. Ẹ wò ó pé ẹni tí ó ṣíwájú kò ní ju nǹkan bí 34 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Shagari ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìpínlẹ̀ méjìlá. Ṣùgbọ́n mélòó ni ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ 19? Méjìlá ni, àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ kan lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé a kì í pín ìpínlẹ̀ bí ẹni pín iṣu.

Kano ni ìpínlẹ̀ kẹtàlá tí ọ̀rọ̀ dá lé lórí. Ìbò tí a dì níbẹ̀ jẹ́ 1,220,763, Shagari sì ní 243,423 nínú rẹ̀. Bí a bá mú Kano lódindi, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ lé ní 305,000, ìbò Shagari kò sì tó o. Olóyè Richard Akínjídé, agbẹjọ́rò NPN tí ó jẹ́ ọmọ Ìbàdàn, ní kì í ṣe odindi Kano ni òfin béèrè. Ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ni. Ìdá kan nínú mẹ́rin ìdá méjì nínú mẹ́ta yìí jẹ́ nǹkan bí 203,460, ìbò Shagari sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá dín ìbò gbogbo Kano kù sí ìdá méjì nínú mẹ́ta, ṣé kò yẹ kí a dín ìbò Shagari níbẹ̀ kù bákan náà? Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, 162,282 ni yóò ní, kò sì ní tó. FEDECO fara mọ́ ìṣirò NPN, wọ́n sì kéde Shagari ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ. Olóyè Awólọ́wọ̀ pẹjọ́. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, lábẹ́ Adájọ́ Àgbà Àtàńdá Fátáyí-Williams, dá ẹjọ́ ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án pé Shagari ni ó wọlé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Adájọ́ Káyọ̀dé Èṣó kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn èyí ni a búra fún Ààrẹ titun.

Bí ilé ẹjọ́ bá ti gbà pé Shagari kò tíì wọlé ńkọ́? Ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin ni ọ̀rọ̀ ì bá gbà. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Aṣòfin Àgbà jẹ́ 95, Aṣojú-ṣòfin jẹ́ 449, aṣòfin ìpínlẹ̀ sì jẹ́ 1,347. Gbogbo wọn jẹ́ 1,891, tí ó fi jẹ́ pé 946 ni yóò ju ìdajì wọn lọ. Nínú wọn, NPN ní 691, UPN ní 472, NPP ní 320, GNPP ní 208, PRP sì ní 200. Ẹgbẹ́ kankan kò lè dá a ṣe. Shagari nílò ènìyàn 255 sí i láti inú ẹgbẹ́ mìíràn. Awólọ́wọ̀, tí ó ṣe ipò kejì tí ó sì borí ní ìpínlẹ̀ márùn-ún, nílò 474. Nítorí náà, ọwọ́ àwọn aṣòfin 728 tí ó wà nínú ẹgbẹ́ mẹ́ta tí ó kù ni kọ́kọ́rọ́ Ilé Ìjọba ì bá wà. Láàrin ọjọ́ méje péré, ta ni yóò mọ ohun tí wọn yóò fi kọ́kọ́rọ́ náà gbà?

Àwọn tí ó fara mọ́ irú ètò yìí ní àwíjàre tí kò ṣe é fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní owó tí a ń ná sí ìdìbò kan ṣoṣo pọ̀, ká má tilẹ̀ sọ ti méjì. Wọ́n ní àgbẹ̀ kò lè máa pa oko tì lójoojúmọ́ nítorí ìbò, àti pé bí ìbò bá ti ń léra, bẹ́ẹ̀ ni ìjà àti ìpáǹle ń pọ̀ sí i. Wọ́n ní àwọn aṣòfin kì í ṣe àjèjì. Àwa náà ni a dìbò yàn wọ́n. Wọ́n tún ń tọ́ka sí Ọ̀yọ́ tí kò jìnnà sí Jobele, níbi tí ó ti jẹ́ pé àwọn Ọ̀yọ́mèsì ni ó ń yan Aláàfin láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tí ìlú kò sì tìtorí èyí fọ́. Ní ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà, àwọn aṣòfin ni ó ń yan gómìnà bí kò bá sí ẹni tí ó ní ju ìdajì ìbò lọ. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2015, wọ́n fi ìbò 110 sí 69 yan Peter Shumlin tí ó ṣíwájú nínú ìbò ará ìlú, kò sì sí ìjà.

Gbogbo èyí dára létí, ṣùgbọ́n kò tó láti gba ìbò lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Ìdí mẹ́ta ni mo ní.

Ìdí kìn-ín-ní ni pé iṣẹ́ tí a rán ènìyàn ni ó yẹ kí ó jẹ́. Nígbà tí ìlú yan aṣòfin, wọ́n rán an pé kí ó lọ ṣe òfin, kí ó bá wọn béèrè ọ̀nà, omi àti ilé ìwòsàn. Ẹlòmíràn dìbò fún un nítorí pé ó jẹ́ ọmọ ìlú, tàbí nítorí pé ó lawọ́, kì í ṣe pé wọ́n gbà kí ó bá wọn yan Ààrẹ tàbí gómìnà. Ti àwọn Ọ̀yọ́mèsì yàtọ̀. Àṣà fi iṣẹ́ yíyan ọba lé wọn lọ́wọ́ ní gbangba, gbogbo ìlú sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ọba tó wàjà. Ẹnikẹ́ni kò kọ́kọ́ pe ará Ọ̀yọ́ jọ pé kí wọ́n dìbò, kí ó tó wá ní kí wọ́n lọ jókòó sílé.

Ìdí kejì ni pé bí ìbò bá gba ọwọ́ aṣòfin kọjá, ó ń sọnù lọ́nà. Ní ọdún 1979, nígbà tí Ọ̀ṣun ṣì wà nínú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nǹkan bí 13 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò Ààrẹ ní ìpínlẹ̀ náà ni ó jẹ́ ti Shagari. Ṣùgbọ́n nínú aṣòfin 126 tí ó wà ní Ìbàdàn, mẹ́sàn-án péré ni ó jẹ́ ti NPN, èyí tí í ṣe nǹkan bí 7 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn ni pé nǹkan bí ìdajì ìbò àwọn tí ó kéré ì bá ti wọmi. Ẹ jẹ́ kí a sún mọ́ ilé. Lónìí, aṣòfin kan ṣoṣo ni gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Afijió ní nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ọ̀yọ́ tí ó ní ọmọ ilé 32. Jobele wà nínú rẹ̀, Fìdítì wà nínú rẹ̀, Ìlọrá, Àáwẹ́, Akínmọ̀ọ́rìn àti Ìmínì náà wà níbẹ̀. Bí Fìdítì bá fẹ́ olùdíje kan, tí Ìlọrá fẹ́ òmíràn, ta ni aṣòfin kan yóò dìbò fún? Ìbò kan ni ó ní. Yóò tẹ́ ìlú kan lọ́rùn, yóò sì fi omijé sójú ìkejì. Bí ará Jobele bá tún ìbò dì fúnra wọn, ìbò olúkúlùkù yóò dúró gẹ́gẹ́ bí ó ti dì í.

Ìdí kẹta ni pé ó rọrùn láti yí ọkàn ènìyàn díẹ̀ padà ju láti yí ti ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ohun tí ojú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ rí ní ọdún 2006 tó ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kìn-ín-ní ọdún náà, aṣòfin 18 nínú 32 kéde pé àwọn ti yọ Gómìnà Ràṣídì Ládọjà nípò. Òfin ní kí ìdá méjì nínú mẹ́ta fọwọ́ sí i. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 32 jẹ́ 21 àti ìdá kan nínú mẹ́ta; nítorí náà, bí wọn kò bá pé 22, asán ni. Oṣù mọ́kànlá gbáko ni gómìnà tí ará ìlú yàn fi wà níta kí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó fi ìdájọ́ ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá dá a padà. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ ìyọnípò yàtọ̀ sí ti ìdìbò. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn 18 bá lè yí ohun tí gbogbo ìpínlẹ̀ ṣe padà fún oṣù mọ́kànlá, ẹ ronú ohun tí irú wọn lè ṣe bí òfin bá gbé yíyan olórí lé wọn lọ́wọ́ pátápátá.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà rí. Ní ọdún 1824, Andrew Jackson ni ó ṣíwájú nínú olùdíje mẹ́rin, ṣùgbọ́n kò ní ìdajì tí òfin béèrè. Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn Aṣojú-ṣòfin, wọ́n sì yan John Quincy Adams tí ó ṣe ipò kejì. Henry Clay, tí ó ṣe ipò kẹrin tí ó sì tún jẹ́ olórí Ilé náà, ṣe àtìlẹ́yìn fún Adams. Adams sì fi Clay ṣe akọ̀wé àgbà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Bóyá wọ́n ti pinnu rẹ̀ tẹ́lẹ̀ tàbí wọn kò pinnu rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbàgbọ́ pé ọwọ́ wọn mọ́. Ní ìpínlẹ̀ Mississippi, òfin ọdún 1890 tí wọ́n ṣe láti dí àwọn ènìyàn dúdú lọ́wọ́ ni ó fi yíyan gómìnà sí ọwọ́ àwọn aṣòfin bí ìbò kò bá gún. Ní ọdún 2020 ni àwọn ará ìpínlẹ̀ náà dìbò pa òfin yìí rẹ́, tí wọ́n sì fi àtúndì ìbò rọ́pò rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń bẹ̀rù pé àtúndì ìbò yóò da ìlú rú, kí ó wo Gánà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, Nana Akufo-Addo ní ìbò 49.13 nínú ọgọ́rùn-ún, John Atta Mills sì ní 47.92. Kò sí ẹni tí ó ju ìdajì lọ. Àwọn ará Gánà tún tò, wọ́n tún dìbò. Lọ́tẹ̀ yìí Mills ni ó borí, ìbò tí ó fi ju èkejì lọ kò sì ju nǹkan bí 40,000 lọ. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2009, wọ́n gbé ìjọba fún un ní ìrọ̀rùn. Ẹni tí ó pàdánù mọ̀ pé ọwọ́ ará ìlú ni òun ti pàdánù, kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn díẹ̀ nínú yàrá kan.

Ẹni tí ó bá jìn sí kòtò ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò tún gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ fún àwọn aṣòfin. Ìbò Ààrẹ tí kò bá gún yóò padà sí ọ̀dọ̀ ará ìlú láàrin olùdíje méjì; bí èyí náà kò bá gún, a ó dì í lẹ́ẹ̀kẹta, ẹni tí ìbò rẹ̀ bá sì pọ̀ jù ni yóò wọlé. Ọjọ́ méje ni òfin kọ́kọ́ fi sílẹ̀ láti ṣètò rẹ̀. Àtúnṣe ọdún 2018 sọ ọ́ di ọjọ́ 21. Bákan náà ni ti gómìnà rí. Èyí dára, mo sì fara mọ́ ọn.

Síbẹ̀, àtúnṣe kan kù. Ìṣirò tí ó dá wàhálà sílẹ̀ ní 1979 kò tíì kúrò nínú òfin wa. Lórí ti Ààrẹ, ìpínlẹ̀ ti di 36, ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ 24 géérégé. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2023, àríyànjiyàn tún dé ilé ẹjọ́ lórí bóyá dandan ni kí Ààrẹ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò Àbújá lọ́tọ̀. Ilé ẹjọ́ ní kì í ṣe dandan. Lórí ti gómìnà, ìjọba ìbílẹ̀ ni a ń kà. Ọ̀yọ́ ní 33, ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 22. Kò sí wàhálà. Ògùn àti Èkó ní ogún ogún, ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ 13 àti ìdá kan nínú mẹ́ta. Èkìtì ní 16. Tirẹ̀ jẹ́ 10 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ǹjẹ́ ó yẹ kí a tún dúró de ọjọ́ tí agbẹjọ́rò kan yóò gé ìjọba ìbílẹ̀ sí wẹ́wẹ́? Kí a kọ iye náà sínú òfin kedere: 14 fún Ògùn àti Èkó, 11 fún Èkìtì. Iye tí gbogbo ènìyàn mọ̀ kí ìbò tó bẹ̀rẹ̀ kì í dá ìjà sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ìparí, n kò sọ pé ènìyàn burúkú ni àwọn aṣòfin, bẹ́ẹ̀ ni n kò sọ pé àtúndì ìbò kò ní ìnáwó àti làálàá. Ohun tí mo ń sọ ni pé ibi tí ẹrù bá ti wúwo ni ẹlẹ́rù í gbé. Ará ìlú ni ó ni ìbò. Nígbà tí ìbò bá ṣòro parí gan-an ni kò yẹ kí a gbà á lọ́wọ́ wọn. Láìpẹ́, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí yóò pé ọdún méjìdínlógún, ẹ ó sì gba káàdì ìdìbò. Bí ọjọ́ kan bá dé tí a ní kí ẹ tún padà wá dìbò nítorí pé èkíní kò gún, ẹ má ṣe kùn pé oòrùn mú. Ẹ dìde, kí ẹ lọ tò. Ní ọdún 1979, ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógún dìbò. Nígbà tí ọ̀rọ̀ di pákáleke, ẹnikẹ́ni kò tún béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wọn mọ́.